Ọpẹ́ Tí Mo Gbé Lọ sí Ilé Ìwòsàn

Ọjọ́bọ̀, 13 Nòfẹ́ńbà 1969

Mo ra ìwé yìí lánàá nítorí orí mi ti kún. Bí ọ̀rọ̀ bá wà nínú ìwé, bóyá á kúrò lórí mi. Wòsílátù ìyàwó mi ní irọ́ ni. Ó ní bí mi ò bá rí nǹkan dààmú lé lórí nílé, mo máa lọ yá ti aládùúgbò.

Ààwẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta lónìí. Ọ̀fun gbẹ. Inú ti ń bí mi láti àárọ̀.

Ọ̀rọ̀ Àgbékẹ́ ni, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún wa. Fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn ti dé. Ó ti di dókítà láti 1966 – ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú àpótí mi, èyí tí àwọn ará Bọ̀lùgéríà fún un, lẹ́tà wọn dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ – ṣùgbọ́n kò tíì ṣe ọdún kan yẹn tí dókítà tuntun gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá kí wọ́n tó gbà pé ó lè dá aláìsàn wò. Láìṣe é, dókítà orúkọ lásán ni. Ìjọba tó rán an lọ ni àwọn ológun lé kúrò lọ́dún tó padà dé. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó kàwé ní ìhà ọ̀hún dúró ná. Ó dúró. Àìsàn rọpárọsẹ̀ mú ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá rẹ̀. Ìsọ̀ aṣọ tó ní ní ọjà Odawna kò ṣeé tì pa. Àgbékẹ́ bọ́ síbẹ̀, ó ní fún oṣù kan péré. Ó di ọdún mẹ́ta.

Ní oṣù kẹjọ ló yege nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe fún irú wọn. Ó wá ku ibi tí wọ́n máa gbà á sí.

Ìbéèrè kan wà lórí fọ́ọ̀mù náà: kí lo ti ń ṣe láti ìgbà tó o ti jáde? Mo ní kó kọ pé ó ń tọ́jú òbí. Ó kọ ọ́ gbàgàdà: "Mo ń ta aṣọ." Mo pariwo. Ó ní, "Bàbá, ṣé ìgbà tí wọ́n bá bá mi lọ́jà lẹ fẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ni?"

Èmi ni mo kọ ìyókù, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe akọ̀wé ní ilé ìtajà òyìnbó. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìlú, mo kọ Ọ̀fà. Àdúgbò Cow Lane ní Gánà níbí la bí i sí o. Ṣùgbọ́n ìlú bàbá ẹni nìlú ẹni.

Àbámẹ́ta, 15 Nòfẹ́ńbà

Mo tún ka fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé kò yẹ kí n kọ Ọ̀fà ni? – Rárá. Òótọ́ ni mo kọ.

Ọjọ́ Ajé, 17 Nòfẹ́ńbà

A mú fọ́ọ̀mù lọ. Akọ̀wé tó ń gbà á jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin onígíláàsì tí kì í wojú ènìyàn. Ìgbà mẹ́ta la ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lóṣù yìí, ìgbà mẹ́ta ló ní ká padà wá lọ́la. Mo ti sọ ọ́ ní Ẹ-Padà-Wá.

Lónìí ó gbà á. Ó fi ìka tẹ Ọ̀fà mọ́lẹ̀. "Alata," ó ní. Orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí nìyẹn. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka orúkọ ọjà. Ó wá rí ibi ọ̀rọ̀ aṣọ. Ó ní, "Madam, ṣé ẹ ò ní máa wọn aláìsàn ní yáàdì?" Àgbékẹ́ ní, "Bí tiyín bá kàn, ẹ wá. Màá fi ènì lé e." Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ-Padà-Wá kò rẹ́rìn-ín. Mo bá ọmọ yìí wí títí a fi délé – kì í ṣe ẹni tó mú ìwé ẹni lọ́wọ́ là ń fi ṣe ẹlẹ́yà.

Ìṣẹ́gun, 18 Nòfẹ́ńbà

A ń ṣínu lọ́wọ́ nígbà tí rédíò sọ ọ́. Gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kúrò ní Gánà.

Àlejò. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí bàbá mi mú mi dé ìlú yìí. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin.

Kóòkó, ẹ̀kọ tí mo fi ń ṣínu, tutù lọ́wọ́ mi. Wòsílátù ní, "Ẹ mu kóòkó yín, Bàbá Àgbékẹ́. Kò sí nínú ohun tí wọ́n lé."

Ọjọ́rú, 19 Nòfẹ́ńbà

Àgbékẹ́ lọ ṣí ìsọ̀. Oníbàárà kan tó máa ń pè é ní sístà ní kó ta aṣọ fún òun ní ìdajì – "ṣebí o ń lọ". Ẹlẹ́ja tó jókòó tì í, ọmọ Gã onílẹ̀, dìde, ó bú obìnrin náà débi tó fi sá lọ.

Àmúdà, aládùúgbò wa, ti ń di bẹ́ẹ̀dì. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Àdìgún, ìwọ tí òjò máa ń ṣú ní Kumasi tí wàá ti ká aṣọ nílé, báwo lo ṣe wá ń wò ran-n-ran lónìí?" Mo ní mò ń dúró de lẹ́tà ọmọ mi. Bí ilé ìwòsàn bá gbà á, wọ́n á fún un níwèé àṣẹ, ó sì lè fi orúkọ àwa òbí tó ń bọ́ sí abẹ́ tirẹ̀. Ó mi orí. Ó ń di okùn lọ.

Ọjọ́bọ̀, 20 Nòfẹ́ńbà

Kí oòrùn tó là ni mo ti wà lórí ìlà ní ọ́fíìsì ìwé àṣẹ. Ó di ọ̀sán kí n tó dé ojú fèrèsé. Ẹni tó wà níbẹ̀ ní: lẹ́tà ilé ìwòsàn dà? Mo sáré lọ bá Ẹ-Padà-Wá. Ó ní: ìwé àṣẹ dà? Àwọn ò lè kọ lẹ́tà fún ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ. Mo padà sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní àwọn ò lè fún ẹni tí kò ní lẹ́tà níwèé àṣẹ.

Ó dà bí yàrá méjì tí wọ́n tì pa, tí kọ́kọ́rọ́ èyí wà nínú tọ̀hún.

Mo gbé ààwẹ̀ mi délé. Mo wá ẹni tí mo máa bá jà. Wòsílátù ti sùn.

Jímọ̀, 21 Nòfẹ́ńbà

Mo bá Àgbékẹ́ ní ìsọ̀, ó jókòó sáàárín ìró aṣọ, ó ń ka ìwé ìṣègùn. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó dáa fún un. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún olè.

Àbámẹ́ta, 22 Nòfẹ́ńbà

Abena wá. Òun àti Àgbékẹ́ ni wọ́n jọ kàwé ní Bọ̀lùgéríà. Wọ́n jọ pín kọ́ọ̀tù òtútù kan wọ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ọmọ Akan ni. Bàbá rẹ̀ mọ ènìyàn, kò pẹ́ tí wọ́n fi gbà á, ó ti ṣe ọdún tirẹ̀ tán. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ló wà. Papa ló máa ń pè mí.

Ìròyìn tó mú wá: ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Lamptey, ti gbà. Dókítà àjèjì méjì ti lọ lọ́sẹ̀ yìí, ọmọ méjì méjì ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Kí Àgbékẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Fáìlì rẹ̀ máa wà nínú tábìlì Dókítà Lamptey, Ẹ-Padà-Wá kò ní rí i. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn máa rìnrìn-àjò, Lamptey á máa dí ipò rẹ̀ mú, á sì buwọ́ lu lẹ́tà náà. Ká wá gbé e sáré lọ sí ọ́fíìsì ìwé àṣẹ.

Ká má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kọjú sí èmi nìkan. Ó ní, "Papa, mepa wo kyɛw," ó fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ mí. Wòsílátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 24 Nòfẹ́ńbà

Ó padà dé ní ìrọ̀lẹ́. Kọ́ọ̀tù funfun tí Abena yá a ti dọ̀tí láti àyà dé ìdí. Mi ò tíì rí ìdọ̀tí tó wù mí báyìí rí.

Ó ní wọ́n gbé ọmọ kan wọlé tí gìrì mú, ọwọ́ òun sì ṣe ohun tó yẹ kó ṣe kí orí òun tó rántí. Nọ́ọ̀sì kan pe "Dókítà!" Ó wẹ̀yìn wò kó lè mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Òun fúnra rẹ̀ ni.

Ó jẹun bí ẹni tó túlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wò ó, kò jẹ tirẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 25 Nòfẹ́ńbà

Nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́ – gbogbo wa la mọ ìyókù. Dókítà Lamptey fi ọrùn ara rẹ̀ wewu fún ọmọ mi. Ilẹ̀ mọ́, mi ò lọ kí i pé ẹ ṣé àná. Ilẹ̀ tún máa mọ́ lọ́la. Irú ènìyàn wo ló máa kà wá sí? Bí inú bá bí i ńkọ́, tó kọ̀ láti buwọ́ lùwé lọ́jọ́ Jímọ̀?

Abena ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Dókítà Lamptey kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Òun gan-an ló ṣe oore náà.

Mo bi Àmúdà. Ó ní òótọ́ ni mo rò. (Mo sọ fún Àmúdà. Àmúdà náà kì í ṣe ẹnikẹ́ni.)

Ọjọ́rú, 26 Nòfẹ́ńbà

Mo ti dúpẹ́. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọjà Agbogbloshie la kọ́kọ́ yà, èmi àti Àmúdà. Àwọn ọkọ̀ iṣu láti òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já ẹrù sílẹ̀. Mo ṣa mẹ́fà tó dára. Àmúdà fi àkùkọ kan kún un nítorí pé òun ń lọ, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Mo wọ agbádá tí mo wọ̀ nígbà ìgbéyàwó mi. Nígbà tá a dé ilé ìwòsàn, Àgbékẹ́ wà lókè pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń tọ́jú, kò rí wa.

Dókítà Lamptey ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn bíi mẹ́fà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo fi gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ sọ ọ́, kí gbogbo wọn lè mọ̀ pé ọmọ náà nílé: pé Ọlọ́run á san án fún un, ọkùnrin tó gba ọmọ mi síṣẹ́ láìwo ìwé àṣẹ, tó fi fáìlì rẹ̀ pa mọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Àkùkọ náà kọ. Àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́.

Ó fà mí dìde kíákíá. Ó ní ó ti tó, ó ti tó, Papa, ẹ máa lọ sílé.

Kò rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí kò rẹ́rìn-ín? Bóyá iṣu náà kéré ni. Ẹ-Padà-Wá wà láàárín wọn, ó mú ìwé pélébé kan lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa wojú mi.

Ọjọ́bọ̀, 27 Nòfẹ́ńbà

Wọ́n ti lé Àgbékẹ́.

Kò pé wákàtí méjì tó débẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Wọ́n bọ́ kọ́ọ̀tù lọ́rùn rẹ̀ lójú àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n ti mú fáìlì jáde nínú tábìlì Lamptey, wọ́n sì ti kọ̀wé sí ọkùnrin náà pé kó wá wí tẹnu rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ò rìnrìn-àjò mọ́.

Àgbékẹ́ kò sunkún. Ó jókòó sórí ẹrù aṣọ. Ó ní Abena ló tú àṣírí. Ó ní kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Abena ò lè rí ọ̀rọ̀ kó má fi ṣe fáàrí láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Abena tẹ̀ lé e títí dé géètì, ó ń pè é, kò dáhùn. Ó ní òun ò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé.

Mo la ẹnu. Mo ní kó lọ fọ ẹsẹ̀.

Wòsílátù ò mọ̀. Ó ń wò mí ṣá.

Jímọ̀, 28 Nòfẹ́ńbà

Òní ló yẹ kí lẹ́tà jáde. Mo kírun, mi ò gbọ́ ohun tí lèmọ́mù wí. Mi ò tíì sọ òótọ́ fún Àgbékẹ́.

Àbámẹ́ta, 29 Nòfẹ́ńbà

Àmúdà lọ láàárọ̀. Ó ju kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sí mi lọ́wọ́ bí ẹni ń lọ sọ́jà.

Lọ́sàn-án, Abena dé. Àgbékẹ́ wà ní Odawna, ó ń ta èyí tó kù ní iye tí wọ́n bá ti pè. Abena ní òun mọ̀ pé kò sí nílé, ìdí nìyẹn tí òun fi wá. Ìwé pélébé tí òun fi ránṣẹ́ sí i lánàá, ó dá a padà láìtú u.

Ó jókòó. Ó ní, "Papa, wọ́n ti sọ fún mi nípa iṣu."

Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti mọ̀. Gbogbo ilé ìwòsàn ló ń sọ ọ́: Alata arúgbó kan, agbádá, àkùkọ. Mo bi í pé kí ló wá dé tí kò sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó lè wẹ ara rẹ̀ mọ́. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Bí ẹ bá ń lọ, ẹ̀yin lẹ máa jọ wọ lọ́rì kan náà. Èmi, ó lè máa bínú sí mi."

Ohun tó wá fún: dókítà méjì mìíràn ti lọ. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ti ń wá ẹni tó máa wo àwọn ọmọ náà. Bí Àgbékẹ́ bá bá òun lọ síwájú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tọrọ àforíjì, bóyá á gbọ́. Ọjọ́ Ajé ló kù. Ní Ìṣẹ́gun, ọjọ́ mẹ́rìnlá ti pé. Ṣùgbọ́n Àgbékẹ́ kò ní gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́ láé. Àfi bí ẹlòmíràn bá kọ́kọ́ sọ òtítọ́ fún un.

Kò pè mí lórúkọ. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Àìkú, 30 Nòfẹ́ńbà

Mo fẹ́ sọ ọ́ láàárọ̀. Ó ń ka aṣọ. Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́sàn-án; ẹnì kan ń dúnàádúrà bẹ́ẹ̀dì wa. Mo yí ilé po. Wòsílátù ní bí mi ò bá jókòó, òun á fi ọ̀pá òun dè mí mọ́ àga.

Nígbà tá a ṣínu tán ni mo sọ ọ́. Mo ní kì í ṣe Abena. Mo ní èmi ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Iṣu mélòó?"

"Mẹ́fà."

"Ẹ sì dọ̀bálẹ̀?"

"Mo dọ̀bálẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, irú èyí tí kò dùn ún gbọ́. Ó wá ní, "Bàbá, ọdún mẹ́ta ni mo fi ta aṣọ tí mi ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin ò wá lè fi ọjọ́ márùn-ún pa ẹnu mọ́."

Mo ní mo fẹ́ kí Dókítà Lamptey mọ̀ pé a mọ oore. Ó ní ta ló bi wá bóyá a mọ oore? Ó fa gèlè rẹ̀, ó jáde. Ilé Abena ló gbà lọ.

Wòsílátù mú ọ̀pá rẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Ì bá sàn kó bú mi.

Ọjọ́ Ajé, 1 Dìsẹ́ńbà

Wọ́n gbà á. Kí n tò ó bó ṣe rí.

Òun àti Abena dé ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ní aago méje. Ó tọrọ àforíjì. Ọkùnrin náà kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ọdún mẹ́ta nínú ọjà. Kí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ yẹn ṣe?" Àgbékẹ́ ní kó bi ìyá ọmọ tí gìrì mú lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ó ṣì wà ní wọ́ọ̀dù. Wọ́n pe ìyá náà lóòótọ́. Abena ní obìnrin náà kò tíì gbọ́ ìbéèrè tán tó ti ń pariwo. Ọ̀gá àgbà buwọ́ lùwé nítorí kó lè dákẹ́.

Wọ́n sáré lọ sí ọ́fíìsì ìwé àṣẹ. Èrò bí eéṣú. Lẹ́tà ilé ìwòsàn mú wọn kọjá sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ọdún kan. Orúkọ kan. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ti òbí òun sí i. Wọ́n ní fèrèsé ti òbí ti tì láti ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ká ní lẹ́tà ti jáde lọ́jọ́ Jímọ̀ – 

Mi ò ní parí ìyẹn.

Ó délé, ó ní òun á fa ìwé náà ya, òun á bá wa lọ. Ṣé ẹsẹ̀ ìyá òun ló máa gun lọ́rì dé Ọ̀fà láìsí ẹni tó máa dì í mú? Wòsílátù fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ yìí ti dá ọ dúró fún ọdún mẹ́ta. Kò ní dá ọ dúró fún ọjọ́ kan mọ́. Gbé ìwé yẹn kúrò níwájú mi kó má baà ya."

Àgbékẹ́ wá wò mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà gbogbo wa.

Ó gba iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ó ní lọ́la, kí aago mẹ́fà tó lù, òun á wá sin wá dé ìdí ọkọ̀.

Ìṣẹ́gun, 2 Dìsẹ́ńbà

Inú lọ́rì ni mo ti ń kọ èyí. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ò dára lónìí.

Aago mẹ́fà lù. Kò dé. Mo bẹ awakọ̀ pé kó dúró díẹ̀. Aago méje. Kò dé. Àwọn èrò ọkọ̀ ń kùn. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n ní ṣé ọmọ ti èmi nìkan lọmọ ni. Awakọ̀ ní ojú ààlà á ti pa lé àwọn lórí nítorí bàbá arúgbó kan. Mo mú ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ dání, mo ní kò ní lọ. Mo bú u. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Wòsílátù jókòó sórí ẹrù, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wo ọ̀nà.

Ó ti di bíi aago mẹ́jọ kí n tó rí kọ́ọ̀tù funfun tó ń sáré bọ̀ láàárín àwọn oníṣu Agbogbloshie. Mo pariwo orúkọ rẹ̀. Abena ni.

Kò lè mí dáadáa. Ó ní Àgbékẹ́ kò tíì jókòó láti ìrọ̀lẹ́ àná. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n gbé wọlé tẹ̀léra tẹ̀léra, Àgbékẹ́ nìkan ni dókítà tó wà ní wọ́ọ̀dù lóru. Ó ti dé géètì lẹ́ẹ̀kan, ó ti bọ́ kọ́ọ̀tù. Wọ́n pè é padà. Ó ní kí Abena sáré wá sọ fún wa pé òun ń bọ̀, òun ń bọ̀ dandan, ká jọ̀ọ́ dúró.

Mo bi í pé ọmọ tí wọ́n pè é sí ńkọ́. Ó ní ọmọ náà ṣì wà lọ́wọ́ Àgbékẹ́.

Mo gun lọ́rì. Mo jókòó ti ìyá rẹ̀. Mo ní kí awakọ̀ máa lọ.